Àgbẹ̀ Kì í Jẹ Èèbù: Ẹ̀kọ́ Tí Apẹja Ilẹ̀ Màláwì Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ewúrẹ́ la sábà máa ń sọ lójú ìwé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹja odò ni mo gbé wá, nítorí mo mọ̀ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko bá dín kù, odò ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń yà sí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo dé abúlé kan nínú àwọn tí mo ń bẹ̀ wò. Etí odò ni mo bá wọn. Omi ti gbẹ, ó ku kòtò kòtò. Tọmọdé tàgbà ló ń gbọ́n omi tí wọ́n ń kó ẹja. Bàbá kan pè mí, ó gbé abọ́ rẹ̀ hàn mí. Epìyà ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Bàbá ní, "Ọ̀gá àgbẹ̀, wá wò ó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, epìyà kan ṣoṣo ló ń kún àwo. Ṣé báyìí ló rí níbòmíràn ni, àbí odò tiwa nìkan ló ń ṣe báyìí?"

N kò lè dá Bàbá lóhùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn bá mi délé. Mo wá ìwé kà, mo sì bá àwọn tó mọ̀ nípa ẹja sọ̀rọ̀. Ìdáhùn tí mo rí ni mo fẹ́ fún Bàbá àti gbogbo yín. Orílẹ̀-èdè kan tí kò ní òkun rárá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹja ló fi ń jẹun, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Màláwì lorúkọ rẹ̀.

ILẸ̀ MÀLÁWÌ ÀTI OMI RẸ̀

Màláwì wà ní apá ìlà-oòrùn gúúsù Áfíríkà. Tàǹsáníà, Sáḿbíà àti Mòsáḿbíìkì ló yí i ká. Kò ní etíkun. Tiwa níhìn-ín, bí ẹja odò bá wọ́n, a ó ra panla tàbí kòtẹ̀ tí ọkọ̀ òkun gbé wá sí Èkó. Àwọn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ nítòsí. Àgbẹ̀ kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn bíi tiwa. Àgbàdo ni wọ́n ń gbìn jù, ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n fi ń ro òkèlè tí wọ́n ń pè ní nsima. Ẹja ni mẹ̀kúnnù sì fi ń jẹ òkèlè náà ju ẹran màlúù lọ.

Inú adágún ni ẹja yìí ti ń wá. Èyí tó tóbi jù ni Adágún Màláwì. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 580 kìlómítà. Ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ tó 75 kìlómítà, ibi tó jìn jù sì tó nǹkan bí 700 mítà. Màláwì, Tàǹsáníà àti Mòsáḿbíìkì ló jọ ń lò ó. Odò Shire ló ń gbé omi rẹ̀ jáde ní ìsàlẹ̀ gúúsù. Odò yìí gba inú adágún kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Malombe kọjá, kó tó lọ pàdé odò Zambezi tó ń wọ òkun. Adágún mìíràn tún wà, Chilwa lorúkọ rẹ̀. Èyí kò jìn, kò sì ní ibi tí omi rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ fi orúkọ Malombe àti Chilwa sọ́kàn, a ó padà sí wọn.

Ẹni tó bá dúró létí Adágún Màláwì yóò rò pé ẹja inú rẹ̀ kò lè tán láéláé. Àṣìṣe ni. Ẹja ń mí bí àwa náà ṣe ń mí, atẹ́gùn tó wà nínú omi ló ń lò. Nínú Adágún Màláwì, bí èèyàn bá ti lọ sísàlẹ̀ kọjá nǹkan bí 250 mítà, kò sí atẹ́gùn mọ́. Omi náà kò dà pọ̀ mọ́ tòkè, ẹja kò sì lè gbé ibẹ̀. Nítorí náà, bí omi náà ṣe jìn tó yẹn, òkè rẹ̀ àti etí rẹ̀ nìkan ni ẹja ń gbé. Ibẹ̀ náà sì ni gbogbo apẹja ń da àwọ̀n sí.

ÀWỌN ẸJA TÍ WỌ́N Ń PA JÙ

Irú ẹja tó wà nínú adágún náà pọ̀ lọ jàra. Àwọn onímọ̀ sọ pé kò sí adágún mìíràn láyé tí irú ẹja inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ díẹ̀ ló ń dé ọjà gan-an. Àwọn tó ṣe pàtàkì nìyí:

1. Chambo. Ẹbí epìyà tiwa ni. Ó ní ìpẹ́, ara rẹ̀ fẹ̀, ó sì lè gùn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Òun ni wọ́n fẹ́ràn jù, òun náà ló wọ́n jù. Bí àlejò pàtàkì bá dé, chambo ni wọ́n ń sè.

2. Utaka. Ẹja kékeré ni, òun náà wá láti ìdílé epìyà. Ó máa ń rìn lọ́pọ̀ yanturu nítòsí àpáta abẹ́ omi. Wọ́n sábà máa ń yan án kó tó dé ọjà.

3. Usipa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán bíi fàdákà. Bí ẹ bá rí i lórí àtẹ, ẹ ó pè é ní yọ̀yọ̀. Oòrùn ni wọ́n fi ń sá a. Ẹja yìí kì í pẹ́ láyé, nǹkan bí ọdún kan ni. Nítorí náà, ó lè pọ̀ gan-an lọ́dún yìí kó sì wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀.

4. Kampango. Kò ní ìpẹ́, ó ní irungbọ̀n bí òbòkún. Akọ àti abo ló jọ ń ṣọ́ àwọn ọmọ wọn nínú ìtẹ́. Ìyá tún máa ń yé ẹyin mìíràn tí kò ní di ọmọ, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ.

5. Mlamba. Àrọ̀ ni. Irú àrọ̀ tí à ń sìn nínú kòtò ẹja lọ́dọ̀ wa ló wà nínú rẹ̀. Ó le, ó sì lè gbé inú ẹrẹ̀.

6. Mpasa. Inú adágún ló ń gbé, ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, ó ń gòkè wọ inú odò lọ yé ẹyin.

7. Matemba. Ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún Chilwa ni. Talákà ló ń jẹ ẹ́ jù, nítorí owó kékeré ló ń rà á.

Bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n kò ṣàjèjì sí wa. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi ni ọ̀pọ̀ ń wà, àwọn tó lówó díẹ̀ ní ọkọ̀ onípákó àti ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń lo ìwọ̀, wọ́n ń lo ìgèrè, wọ́n sì ń dẹ àwọ̀n tí ẹja ń fi orí há. Wọ́n ní àwọ̀n gígùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ́ wá sí èbúté. Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní chilimira: wọ́n á tan iná lórí omi lóru, usipa àti utaka á rọ́ wá sídìí iná, ọkọ̀ méjì á sì fi àwọ̀n kó wọn láti abẹ́. Lórí Malombe, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní nkacha. Ojú rẹ̀ kéré, àwọn òmùwẹ̀ ló sì ń wọ inú omi lọ di ìdí rẹ̀ pọ̀ kí ẹja má bàa ráyè jáde.

BÍ CHAMBO ṢE Ń BÍMỌ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí, nítorí àwọn epìyà kan nínú odò tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lápá ìparí ọdún, akọ chambo á gbẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀ omi bí àwo. Abo á wá yé ẹyin síbẹ̀, á sì kó ẹyin náà sí ẹnu ara rẹ̀. Inú ẹnu yẹn ni ẹyin ń gbé títí á fi pa. Bí àwọn ọmọ bá tilẹ̀ ti jáde, tí wọ́n bá rí ewu, wọ́n á sá padà sẹ́nu ìyá wọn. Ní gbogbo àwọn ọ̀sẹ̀ náà, ìyá kì í lè jẹun bó ṣe yẹ.

Ẹyin rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti àrọ̀. Àrọ̀ ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú koríko fún Ọlọ́run. Chambo ń yé ìwọ̀nba díẹ̀, á sì tọ́jú wọn. Nítorí náà, ẹni tó pa abo chambo kan ní àsìkò yẹn, ẹja kan kọ́ ló pa. Ìyá pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀ ló gbé sínú abọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ebi ti wù kó pa àgbẹ̀ tó, kì í se èèbù jẹ tán. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ èèbù lónìí, igbó ni oko òun máa jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Odò náà ní èèbù tirẹ̀. Ẹja tó ní ẹyin àti ọmọ ẹja ni èèbù odò.

BÍ CHAMBO ṢE TÁN NÍ MALOMBE

Ní ọdún 1982, chambo tí wọ́n pa nínú adágún Malombe nìkan lé ní 8,000 tọ́ọ̀nù. Kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà tí kò fi ku ju ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù díẹ̀ lọ lọ́dún. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Lákọ̀ọ́kọ́, apẹja pọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀, chambo ńlá ń dín kù. Nígbà tí àwọ̀n olójú ńlá kò mú nǹkan kan wálé mọ́, àwọn èèyàn rà èyí tí ojú rẹ̀ kéré. Wọ́n ní àwọn kò wá chambo mọ́, kambuzi làwọn ń wá. Kambuzi ni wọ́n ń pe àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kan tó jẹ́ pé wọn kì í dàgbà ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kò mọ kambuzi yàtọ̀ sí ọmọ chambo. Ohun tí kò bá lè gba ojú rẹ̀ jáde ló ń kó. Bí wọ́n ṣe ń kó kambuzi ni wọ́n ń kó ọmọ chambo tí kò tíì bímọ rí.

Lẹ́ẹ̀kejì, àwọ̀n tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ń fa koríko abẹ́ omi tu. Inú koríko yẹn ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń rí oúnjẹ. Nígbà tí koríko lọ, ilé ọmọ ẹja lọ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ẹja ń tán. Ṣùgbọ́n ohun tí olúkúlùkù ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, "Bí èmi kò bá kó o, ẹnìkejì mi á kó o." Ó ní ọmọ tó ní láti jẹun nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló pa chambo, ju àwọ̀n lọ.

Nígbà tó di 1993, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dá ìgbìmọ̀ èbúté sílẹ̀ ní àwọn abúlé etí Malombe, kí àwọn apẹja fúnra wọn lè bá ìjọba ṣọ́ omi. Ní 1997, wọ́n ṣe òfin tó fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní 2003, wọ́n polongo káàkiri orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n gba chambo là, wọ́n sì fi ọdún 2015 ṣe àfojúsùn pé á ti padà sí bó ṣe wà. Kò padà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, àjọ IUCN, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run láyé, kọ orúkọ oríṣi chambo mẹ́ta sínú àwọn tó sún mọ́ ìparun jù lọ. Usipa ló wá gba ipò iwájú nínú ẹja tí wọ́n ń pa báyìí, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé ó lè wá, ó sì lè má wá.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé láti ba omi jẹ́ kò gba ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n láti tún un ṣe lè gba ìran kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀWỌN TÓ TỌ́JÚ ÈÈBÙ

Gbogbo ilẹ̀ Màláwì kọ́ ló ṣe bíi ti Malombe. Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi nínú.

Èkíní ni ti erékùṣù Mbenji, ní agbègbè Salima. Utaka pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láti bí àwọn ọdún 1950, olóyè ìlú àti àwọn apẹja ti fohùn ṣọ̀kan pé lọ́dọọdún, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹrin, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀. Gbogbo apẹja á kó kúrò lórí erékùṣù. Wọ́n yan àwọn tó ń ṣọ́ omi. Ẹni tó bá rú òfin, ìyà ń jẹ ẹ́. Nígbà tí àsìkò bá tó, olóyè á ṣí omi pẹ̀lú ayẹyẹ, gbogbo ọkọ̀ á sì jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kíyè sí i pé ìjọba kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe òfin yẹn. Àwọn tó ni omi ló ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé "ẹnìkejì mi á kó o." Gbogbo wọn ló dúró, gbogbo wọn ló jọ wọlé.

Èkejì ni ti adágún Chilwa. Mo ti sọ pé kò jìn. Bí òjò kò bá rọ̀ dáadáa fún ọdún mélòó kan, ó lè gbẹ. Ó gbẹ pátápátá ní 1968, ó tún gbẹ ní 1995, ó tún fẹ́ẹ̀ gbẹ tán ní 2012. Ẹni tó bá rí i nígbà náà, ilẹ̀ tó sán ló máa rí. Síbẹ̀, bí òjò bá padà, ẹja ń padà láàárín ọdún díẹ̀. Níbo ló ti ń wá? Inú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ adágún, àti inú àbàtà àti kòtò omi tó ṣẹ́ kù láàárín koríko. Matemba àti mlamba tó sá pamọ́ síbẹ̀ ló ń tún adágún kún. Lẹ́yìn tí ó gbẹ ní 1995, àwọn olóyè, ìgbìmọ̀ èbúté àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹja fohùn ṣọ̀kan láti dáàbò bo irú ibi ìsápamọ́ wọ̀nyí, kí àwọn èèyàn má fi àwọ̀n gbá wọn mọ́. Ká ní wọ́n kó ẹja inú kòtò wọ̀nyẹn tán ni, òjò ì bá rọ̀, omi ì bá kún, ṣùgbọ́n omi lásán ni ì bá jẹ́.

KÍ NI ÈYÍ KÀN WÁ?

Ó kàn wá gan-an. Kòtò omi tó ṣẹ́ kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí à ń gbọ́n gbẹ tọmọdé tàgbà, ni Chilwa tiwa. Ẹja inú rẹ̀ ni èèbù tí òjò tó ń bọ̀ máa gbìn. Bí a bá gbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tán, kí la fẹ́ kí odò fi bímọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní ẹnì kan kó 100 ọmọ epìyà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn gíráàmù 10. Gbogbo rẹ̀ kò ju kílò 1 lọ, ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni. Ká ní ó fi wọ́n sílẹ̀ títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi tó gíráàmù 200. Ká tilẹ̀ sọ pé ẹyẹ, ejò àti àrọ̀ jẹ 60 nínú wọn. Ogójì tó kù á wọn kílò 8. Àwọn wọ̀nyẹn á sì ti bímọ kí á tó pa wọ́n.

Mo tún fẹ́ sọ fún Bàbá tó gbé abọ́ hàn mí pé, nígbà mìíràn epìyà kékeré yẹn kì í ṣe ọmọdé. Níbi tí ìnira bá ti pọ̀ jù, tí wọ́n sì ti ń pa àwọn ńlá tán, epìyà máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí bímọ ní kékeré. Bí ẹ bá la inú rẹ̀ tí ẹ rí ẹyin, ìyá ni. Nítorí náà, odò yín kò gégùn-ún, ayé kò sì bàjẹ́. Ìpa tí à ń pa á ló sọ ọ́ di aràrá.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mo jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ yín. Ẹ gba ìmọ̀ràn yìí lọ́wọ́ mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ yín:

1. Ẹ fi kòtò omi kan sílẹ̀. Bí kòtò mẹ́rin bá kù nínú odò yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yan èyí tó jìn jù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ jù ẹ̀ka igi sínú rẹ̀ kí àwọ̀n má lè wọ́ níbẹ̀, kí ẹja sì rí ibi sá sí.

2. Ẹ jẹ́ kí odò sinmi nígbà òjò àkọ́rọ̀. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí kún tó ń ya wọ inú koríko, àrọ̀ ń jáde lọ yé ẹyin lóru. Ẹni tó bá dí ẹnu odò nígbà náà, ìyá ẹja ló ń kó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dín mpasa kù ní Màláwì, tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí ọ̀nà rẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè lọ yé ẹyin.

3. Ẹ wo ojú àwọ̀n yín. Ẹ má lo àwọ̀n ẹ̀fọn láti pẹja. Ara ibùsùn ló yẹ kó wà, kí ó máa gbà yín lọ́wọ́ ibà. Bí ẹ bá na ojú àwọ̀n tí ẹ fi ń pa epìyà, ó dára kó má kéré sí íńṣì 3.

4. Ẹ má da oògùn sódò. Oògùn tí a ń fín sí kòkó tàbí ẹ̀wà kì í ṣe oògùn ẹja. Ó ń pa ńlá, ó ń pa kékeré, ó ń pa ẹyin àti kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Ẹni tó bá jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀, oògùn náà ló jẹ, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò sì ń mu nínú rẹ̀.

5. Ẹ fi igbó àti koríko etí odò sílẹ̀. Ẹ má dáko kan omi gbọ̀ngbọ̀n. Koríko yẹn ni ilé ọmọ ẹja, òun náà ló ń dí yanrìn lọ́wọ́ kó má kún odò.

6. Ẹ má jẹ́ kí èyí tí ẹ pa ṣòfò. Ẹ sá a lórí àtẹ tó ga nílẹ̀, kì í ṣe lórí yanrìn. Bí òjò bá wà, ẹ yan án. Ẹja tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, omíràn ni a máa lọ pa dípò rẹ̀.

7. Ẹ jọ fẹnu kò. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Ẹ pe baálẹ̀, ẹ pe àwọn apẹja, ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tí wọ́n ń tà á, nítorí wọ́n mọ̀ ju gbogbo wa lọ bí ẹja ṣe ń kéré sí. Ẹ pe abúlé tó wà lókè odò àti èyí tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Òfin tí ẹ jọ ṣe ni ẹ jọ máa pa mọ́.

Kì í ṣe ohun tuntun ni mo gbé wá. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja inú odò náà. N kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn bàbá wa mọ̀ pé omi kan lè wà tí a kì í fọwọ́ kàn.

Mo ti padà sí abúlé ọ̀hún. Mo sọ ìtàn Malombe fún wọn, mo sọ ti Chilwa. Àríyànjiyàn pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Ọ̀gá, ebi kì í gbọ́ ìtàn." Òótọ́ ló sọ, n kò bá a jà. Ìyá kan tó ń yan ẹja ló dá a lóhùn: "Ìwọ náà ń gbin iṣu. Ṣé ebi ti mú ọ jẹ èèbù tán rí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti fi kòtò kan sílẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ afárá. Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ.

Kòtò kan ṣoṣo ni. Kò tíì pé ọdún kan, n kò sì lè sọ ohun tó máa bá a jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá rọ̀ tí odò bá kún, ó kéré tán, a mọ̀ pé èèbù wà nínú rẹ̀.

Bí abúlé yín bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ bá òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn tó ń bẹ̀ yín wò sọ̀rọ̀.